Rírí kò tó ìwòye: èsì mi lórí ọ̀rọ̀ tí a ń wá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin atúmọ̀ èdè, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ nípa ojú àti ọpọlọ béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní perception, ìyẹn bí ara àti ọpọlọ ṣe ń mọ ohun tó yí wa ká. Wọ́n fúnra wọn dábàá ìríran. Àbúrò kan dáhùn pé ìmọ̀lára ló yẹ, nítorí pé ohun gbogbo tí a rí, tí a gbọ́, tí a tọ́ wò, ara la fi mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu, kí a kọ ọ́ ní pàsẹ́pùṣọ̀n kí iṣẹ́ lè máa lọ.

Èyí ìkẹta yẹn ni mi ò lè gbà rárá. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Tábìlì, búrẹ́dì, àlùbọ́sà, gbogbo wọn ló ń bá wa gbé. Ṣùgbọ́n a yá ìwọ̀nyẹn pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń dárúkọ ni. Bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tó yí i ká kì í ṣe ọjà tó wọlé láti òkèèrè. Ó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ìwòye lèmi fara mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sórí ọmọ kan. Ní 1728, oníṣẹ́-abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Cheselden, kọ ìròyìn nípa ọmọkùnrin kan tó ti lé ní ọdún 13 àmọ́ tí kò tí ì pé 14. Láti kékeré ni kò ti ríran, débi pé kò rántí pé òun rí ohunkóhun rí. Cheselden ṣí ohun tó dí ẹyinjú rẹ̀ kúrò lọ́nà, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní gbogbo ohun tí òun ń wò ló dà bíi pé ó ń kan òun lójú, bí ohun tí a fọwọ́ kàn ṣe ń kan ara. Kò mọ bí ohunkóhun ṣe jìnnà tó. Kò lè dá ológbò mọ̀ yàtọ̀ sí ajá. Nígbà tí ojú wá ń tì í láti máa béèrè, ó mú ológbò, ẹran tó mọ̀ dunjú bó bá ti fọwọ́ kàn án, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó gbé e sílẹ̀, ó ní nígbà mìíràn òun á dá a mọ̀.

Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi ológbò yẹn ni mo máa ń dúró sí. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé ọmọ náà ríran, ó ríran. Ìríran ti dé, kò kù síbì kan. Kí ló wá ń wá lára ológbò? Ohun tó ń wá yẹn gan-an la ń wá orúkọ fún. Bí a bá pè é ní ìríran, a ti sọ pé ọmọ náà ti rí i gbà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i lójú.

Kì í ṣe ọmọ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. William Molyneux, ọmọ ìlú Dublin tí ìyàwó tirẹ̀ fọ́jú, ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ John Locke, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1688 pé bí afọ́jú tó ń fi ọwọ́ mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí àpótí onígun bá wá là lójú, ṣé yóò fi ojú nìkan dá wọn mọ̀? Ní 2011, Pawan Sinha, onímọ̀ nípa ojú àti ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì jáde lórí àwọn ọmọ 5 tí wọ́n là lójú ní Íńdíà. Lójú ẹsẹ̀, ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀, ojú wọn kò mọ̀ ọ́n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn. Ojú ń kọ́ṣẹ́.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí èdè wa fúnra rẹ̀ ń ṣe pẹ̀lú wò. A máa ń sọ pé mo wò ó, mi ò rí i. Rí dé bá èèyàn. Wò ni èèyàn ń ṣe. Kò sì mọ sí ojú. Ẹni tó ń dáná á tọ́ ọbẹ̀ wò, ahọ́n ló fi ṣe é. Oníbàárà á tẹ píà wò bóyá ó ti rọ̀, á gbé iṣu wò bóyá ó wúwo. A ń wọ bàtà wò. A ń dán nǹkan wò. Afọ́jú náà ń wò, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú gbogbo èyí, wò túmọ̀ sí pé ara ń bi nǹkan léèrè kí ó lè mọ bó ti jẹ́. Ẹ wá so òye mọ́ ọn: wò kí òye lè yé ọ. Ọmọ tó gbá ológbò mú ń wòye.

Rí ní ìṣòro mìíràn tó ń dẹ́rù bà mí fún irú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ní apá méjì. Mo rí ọsàn. Ọsàn rí rogodo. Báwo ni mo ṣe rí i, báwo ló ṣe rí: rí kan náà ló wà ní apá ẹni tó ń wò àti ní apá ohun tí à ń wò. Ibẹ̀ ni ìrísí ti wá. Ó dùn púpọ̀ nínú ewì. Ṣùgbọ́n odindi ìwé tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ ń gbìyànjú láti fi hàn wá pé bí nǹkan ṣe rí lójú wa kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹ wo bí gbólóhùn tí mo kọ tán yìí ti ní "rí" méjì nínú, tí mo sì ní láti fi "gan-an" là wọ́n.

Ẹnìkan lè ní èdè kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Òótọ́ ni. À ń sọ pé "ọjọ́ mẹ́ta, mi ò fojú kàn ọ́," bíi pé ojú ń jáde lọ fọwọ́ kan ẹni náà. Euclid àti Ptolemy, àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́, gbà bẹ́ẹ̀ nítòótọ́, pé ìtànṣán ń ti ojú jáde, kí onímọ̀ kan, Ibn al-Haytham ọmọ Basra, tó ṣàlàyé nílùú Káírò, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara nǹkan wá bá ojú. Fojú kàn kò ní kúrò lẹ́nu wa, kò sì yẹ kó kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ la ń dá yìí. Ó gbọ́dọ̀ lè dúró lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ìríran láìdarú.

Àgbà kan rán wa létí pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí ọ̀pẹ, kò lè rí i. Rí tibẹ̀ ju ti ojú lọ, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n òwe náà dùn torí pé rí kìíní kì í ṣe rí kejì. Ìwé ẹ̀kọ́ kò lè gbé irú adùn bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀lára ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ fún ohun tó kọ́kọ́ kan ara, ooru, ìrora, ìmọ́lẹ̀, kí òye tó dé. Ìyẹn náà nílò orúkọ nínú ìwé yẹn.

Mo mọ̀ pé ìwòye ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń pe èrò akéwì bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí díẹ̀. Àmọ́ wọ́n sábà máa ń sọ ojú ìwòye, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Èyí tó parí rẹ̀ fún mi ni ìdánwò àfòmọ́, ìyẹn ohun tí à ń so mọ́ ọ̀rọ̀ láti fi dá ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ìríran bá ni ọ̀rọ̀ wa, ẹni tó ń ṣe é á di aríran, wòlíì sì ni etí á gbọ́. Èyí tí a ṣì ṣe á di àṣìríran, bíi ti wòlíì tí ìran rẹ̀ kò ṣẹ. Bí a bá gé e kù sí ìrí, a ó ní àṣìrí, tí ohùn kan ṣoṣo yà á sọ́tọ̀ sí àṣírí, nígbà tó sì jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìwòye bí olùwòye, ó bí àìwòye, ó sì bí àṣìwòye, gẹ́gẹ́ bí àṣìgbọ́ àti àṣìsọ tí a ti ní.

Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yẹn là lójú ló tó mọ̀ pé èèyàn àti nǹkan ló wà nínú àwòrán. Ó fọwọ́ kàn án, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó wá béèrè pé èwo ló ń purọ́ nínú méjèèjì, ọwọ́ ni àbí ojú? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àṣìwòye sínú orí tó wà lórí àwòrán nínú ìwé yín, kí ẹ sì fi ojú ìwé méjì ṣọwọ́ sí wa ká jọ kà á sókè.