Ta ló yẹ kó pààrọ̀ páìpù tó wà nínú ọgbà wa?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí wa ní Iléṣà ni. Páìpù irin tí bàbá wa rì mọ́lẹ̀ láti etí títì wọnú ọgbà ti dógùn-ún, omi tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á pọ́n bí àgbo. Iṣẹ́ omi Iléṣà tí ìjọba Ọ̀ṣun torí ẹ̀ yáwó lọ́wọ́ Islamic Development Bank, mo gbà pé ojú títì ni tiwọn máa parí sí. Bọ̀dá mi àgbà ní ká dúró dè wọ́n. Àwọn ayálégbé ní tonílé ni. Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun kò tiẹ̀ fèsì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Amẹ́ríkà wá sọ ti ìlú Newark. Láàárín 2019 sí 2022, wọ́n pààrọ̀ páìpù olójé tó lé ní 23,000 níbẹ̀, títí kan èyí tó wà nínú ọgbà onílé, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ṣòfin pé bí onílé ò bá sí nítòsí, ayálégbé lè ṣílẹ̀kùn fáwọn òṣìṣẹ́. Òótọ́ ni pé òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Irin ni tiwa. Ṣùgbọ́n páìpù tó ń jò nínú ọgbà, ṣebí omi ìlú náà ló ń fi ṣòfò?

Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín ti kọ̀wé sí aṣòfin yín rí lórí irú èyí? Kí lẹ kọ? Àǹtí mi sì ń bẹ̀rù pé bí owó ìjọba bá wọ ọgbà, wọ́n á ní àwọn láṣẹ níbẹ̀. Ṣé ẹ̀rù yẹn tọ́?