Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọkọ̀ ojú omi wo ni kí n mú màmá mi wọ̀ láti Southampton?

Ọmọ Màmá, London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ń bọ̀ wá láti Ìbàdàn lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n máa pé àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé àwọn ò fẹ́ pátì, àwọn ò fẹ́ aṣọ ẹbí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ro kúrúùsì, ìrìn àjò afẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá ti fò láti Èkó dé ibí, wọn ò tún fẹ́ gbọ́ orúkọ bàálù mọ́, torí náà Southampton ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti gbéra, kó sì dá wa padà síbẹ̀. Ọjọ́ méje ni mo rí gbà níbi iṣẹ́.

Mo ti wo P&O, Royal Caribbean àti MSC, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kúrúùsì. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tún ní Cunard ni baba gbogbo wọn. Orí mi ti dàrú. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú inú ọkọ̀, àti túọ̀, ìyẹn ìrìn ìwòran orí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní èbúté kọ̀ọ̀kan: ṣé kí n rà á lọ́wọ́ ọkọ̀ ni, àbí kí n dá a ṣe? Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu. Wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni ọ̀tá wọn. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wọn. Kátólíìkì pọ́ńbélé ni wọ́n, Róòmù ló wà lọ́kàn wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Norway ló dáa jù. Ẹ gbà mí o.

Àdùnní, Kent

Ẹ bá wa kí màmá, wọ́n á ṣe púpọ̀ láyé. Mo ti wọ P&O àti Royal Caribbean, mo sì ti bá ìyá ọkọ mi wọ Cunard.

P&O, owó tíìpù ti wà nínú owó tí ẹ san, wọn ò ní máa yọ ọ́ lójoojúmọ́, pọ́n-ùn ni wọ́n sì ń ná nínú ọkọ̀. Royal Caribbean, dọ́là ni, wọ́n sì ń fi owó tíìpù kún ìnáwó ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ẹni méjì fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sọ pé èyí ló pọ́ọ́kú ju ìyẹn lọ. Ọkọ̀ MSC rẹwà, owó wọn sì sábà máa ń fani mọ́ra, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi èdè ni wọ́n fi ń kéde nínú ọkọ̀. Àgbà tó bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án lè máa bínú.

Ti ìtọ́jú, ọwọ́ ẹni tó ń tún yàrá yín ṣe ló wà ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ. Ẹni tó ń tún tiwa ṣe rí i pé ìyá ọkọ mi máa ń fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn kí wọ́n tó jókòó. Nígbà tó fi di alẹ́ ọjọ́ kejì, ìrọ̀rí mìíràn ti wà lórí àga, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú gbogbo ọkọ̀, ọ̀lẹ náà sì wà.

Cunard, ìmúra ni. Wọ́n ní alẹ́ tí gbogbo èèyàn ń múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ìyá ọkọ mi wọ lésì funfun, wọ́n wé gèlè aṣọ òkè, àwọn ìyá òyìnbó ń wá bèèrè bí wọ́n ṣe ń wé e, ẹni tó ń ya fọ́tò ò sì jẹ́ ká kọjá. Màmá tó bá fẹ́ràn irú ìyẹn, Cunard ni kí ẹ mú wọn lọ. Màmá tó bá fẹ́ fi ìró àti bùbá jẹun kí wọ́n lọ sùn, P&O. Ilé oúnjẹ Íńdíà kan wà nínú ọkọ̀ P&O tí wọ́n ń pè ní Sindhu, ẹ máa sanwó lé e, àmọ́ ata wà ńbẹ̀.

Bàbá Tólú, Southampton

Ọ̀rọ̀ Àdùnní dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló yẹ kí ìyẹn wà. Ọmọ mi, kọ́kọ́ wo bí ọkọ̀ ṣe ń kan ilẹ̀, kí o tó wo ẹni tó ń gbé oúnjẹ.

Róòmù kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Civitavecchia ni èbúté Róòmù, ọjọ́ méje ò sì lè gbé yín láti ibí débẹ̀ kó gbé yín padà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń gbà. Bí ẹ bá tiẹ̀ débẹ̀, ó tún ku bíi wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú irin kí ẹ tó rí Vatican.

Lẹ́yìn náà, àwọn èbúté kan wà tí ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́. Ó máa dúró sáàárín omi, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní tender ni yóò kó yín lọ sí ilẹ̀. Ìwọ wo màmá níbẹ̀: wọ́n á sọ àtẹ̀gùn irin kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kan lẹ́bàá omi, ọkọ̀ kékeré yẹn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, òṣìṣẹ́ méjì á di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú, wọ́n á ní "ẹ dúró, ẹ dúró, ó yá, ẹ sọdá!" Ẹni tó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tí kò lè dìde, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gbà á sínú tender rárá. Santorini ní Gíríìsì bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó tún máa tò láti wọ kébù tó ń gbé èèyàn gun òkè. Ẹni tí kò bá lè dúró á gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tàbí kó fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 500. Geiranger ní Norway náà, tender ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sínú ètò ìrìn àjò, ní lẹ́tà kékeré. Kà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ò purọ́ nípa Norway ṣá. Stavanger, ẹsẹ̀ ìlú gan-an ni ọkọ̀ ń so mọ́, àwọn ilé onípákó funfun wà lápá kan, ẹ ò nílò túọ̀ ẹnikẹ́ni. Bergen, ọkọ̀ ojú irin Fløibanen wà tó ń gun orí òkè, ẹ ó jókòó sínú rẹ̀ ni. Flåm ló dáa jù fún orúnkún: ibùdókọ̀ ojú irin wà létí èbúté, ẹ ó jókòó ti fèrèsé, ọkọ̀ yẹn á sì gun òkè fún 20 kìlómítà títí dé Myrdal tó ga ní 867 mítà, á dúró lẹ́bàá ìṣàn omi Kjosfossen kí ẹ ya fọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ju iye tí wọ́n ń tà á ní ibùdókọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà ooru àyè máa ń kún, nítorí náà bí o bá fẹ́ rà á fúnra rẹ, tètè rà á kó tó di pé ẹ gbéra.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òtútù, ẹ kú ìfaradà. Ẹ gbé màmá wá sí Galveston, èbúté wa níbí, ká jọ wọkọ̀ lọ sí Kàríbíánì! Àwọn ilé iṣẹ́ yìí ti ní erékùṣù tiwọn báyìí: Royal Caribbean ní CocoCay ní Bahamas, MSC ní Ocean Cay, Carnival ṣí Celebration Key ní 2025. Ẹ ò ní bá onítakisí dúnàádúrà, ẹnikẹ́ni ò ní fi yín sílẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ erékùṣù Cozumel ní Mẹ́síkò ni, ẹ má ra túọ̀ Tulum, àwókù ìlú àtijọ́, fún àgbà. Ọkọ̀ ojú omi kékeré lẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ dé Playa del Carmen, kí ẹ tún wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ wá rìn nínú oòrùn láàárín òkúta.

Ọmọ Màmá, London

Ẹ̀gbọ́n Houston, mo ní wọn ò fẹ́ bàálù 😂. Bàbá, ẹ ṣé gan-an, mi ò tiẹ̀ ro ti tender yẹn rí. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún màmá pé Róòmù ò sí mọ́? Ṣé kò sí ibi mímọ́ kankan tó wà ní àrọ́wọ́tó ọjọ́ méje?

Ṣadé, Manchester

Ó wà. Santiago de Compostela ní Sípéènì, níbi tí ibojì Jákọ́bù mímọ́ wà, tí àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wá ọkọ̀ tó ń dúró ní A Coruña. Àárín ìlú ni ọkọ̀ ń so mọ́ níbẹ̀, kò sí tender. Bọ́ọ̀sì ń lọ sí Santiago ní bíi wákàtí kan, ọkọ̀ ojú irin tiẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kàn máa wọ takisí dé ibùdókọ̀ ni. Lára nǹkan tí kò dáa níbẹ̀, òkun Biscay lẹ ó là kọjá, omi ibẹ̀ máa ń ru. Ẹ lọ ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje.

Lórí túọ̀, èmi ò fara mọ́ ríra gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ kó wa lọ wo ìlú kan ní Ítálì. Ẹni tó ń mú wa rìn fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn, kò jẹ́ ká wọlé, ó wá kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù báàgì awọ, ibẹ̀ la wà títí oorun fi ń kun ọkọ mi. Owó tí a san, ó tó ra báàgì náà. Nínú ìlú tí ọkọ̀ bá so mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ gba takisí, ẹ lo orí yín.

Bàbá Tólú, Southampton

Ṣadé, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tan ọmọ yìí. Bí bọ́ọ̀sì túọ̀ ọkọ̀ bá pẹ́ dé, ọkọ̀ á dúró dè é, tàbí kí wọ́n fowó ara wọn gbé yín lọ bá a ní èbúté tó kàn. Bí ẹ bá dá lọ, tí ọkọ̀ ojú irin sì dúró sọ́nà, ẹ ó máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín láti etí omi, pásípọ́ọ̀tù àti oògùn màmá lè wà nínú rẹ̀. Òfin tèmi nìyí: ibi tó bá lé ní wákàtí kan sí èbúté, mo ra tọwọ́ ọkọ̀, ibi tó bá sún mọ́, mo dá lọ. Ẹ sì wo aago o. Aago Sípéènì fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Aago tí ọkọ̀ bá ní kí ẹ máa lò ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé fóònù.

Nǹkan kan wà láàárín méjèèjì tí ẹ ò dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń ta bọ́ọ̀sì àlọ-àbọ̀ lásán, kò sí ẹni tó ń sọ ìtàn, kò sí ṣọ́ọ̀bù báàgì awọ. Wọ́n á já yín sílẹ̀ ní Santiago, wọ́n á ní kí ẹ padà wá ní aago báyìí. Owó rẹ̀ kéré sí ti túọ̀, ọkọ̀ sì mọ̀ pé ẹ wà lọ́hùn-ún. Fún màmá, òun ni mo máa rà.

Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ túọ̀, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ físà! Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, físà Schengen tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ni, ì báà jẹ́ Norway ì báà jẹ́ Sípéènì. Kí màmá gbà á ní Nàìjíríà kí wọ́n tó wá, torí ibi tí èèyàn ń gbé ni òfin ní kó ti bèèrè. Ẹni tó wá ṣe àlejò ní London, ó máa ṣòro kí wọ́n tó gba ìwé rẹ̀ níbí. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni ẹ ó kọ̀wé sí. Ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó tó 30,000 yúrò kéré tán wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè, ẹ wò ó dáadáa pé ó kan ìtọ́jú inú ọkọ̀ náà, torí dókítà inú ọkọ̀ kì í ṣe NHS, ìtọ́jú ìjọba ibí, owó ló ń gbà. Ẹ má sì rò pé bí màmá bá jókòó sínú ọkọ̀ láìsọ̀kalẹ̀, físà ò pọn dandan. Southampton níbí ni wọ́n á ti dá yín padà, ẹ ò ní wọkọ̀ rárá.

Ẹ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ ti orúnkún, ẹ gba yàrá tó sún mọ́ líìfù. Àwọn túọ̀ máa ń ní àmì tó ń sọ bí ìrìn rẹ̀ ṣe le tó. Kílíṣí tí wọ́n máa gbé wá láti ilé, kó má bọ́ sílẹ̀ ní Sípéènì o, wọn ò gba ẹran wọlé.

Ọmọ Èkó, Leeds

Mo kàn fẹ́ fi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan màmá lọ́dún yìí: ẹni tó bá lè dé Brazil, MSC àti Costa máa ń rìn ní etí òkun ibẹ̀ nígbà ooru wọn, wọ́n sì ń dúró ní Salvador. Ọkọ̀ ń so mọ́ ìsàlẹ̀ ìlú, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Elevador Lacerda, líìfù tó ti ń gbé èèyàn gòkè láti 1873, ó sì di Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ń dín àkàrà lójú ọ̀nà nínú epo pupa, acarajé ni wọ́n ń pè é. Túọ̀ kankan ò tó ìyẹn.

Ọmọ Màmá, London

Mo ti bá màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí mo dárúkọ Jákọ́bù mímọ́, wọ́n ní Róòmù lè dúró. P&O tàbí Cunard tó bá dúró ní A Coruña ni mò ń wá báyìí. Ìbéèrè wọn kan ṣoṣo: ṣé Máàsì wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú?

Àdùnní, Kent

Lórí Cunard, ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń darí ìsìn ọjọ́ Àìkú bí ọkọ̀ bá wà lójú omi, ìsìn gbogbo ìjọ ni. Máàsì gan-an, àfi tí fádà bá wà nínú ọkọ̀.

Ṣadé, Manchester

Máàsì àwọn arìnrìn-àjò wà ní kàtídírà Santiago lójoojúmọ́ ní aago 12 ọ̀sán. Ẹ wo aago tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ ní A Coruña, tí kò bá pẹ́ ju aago mẹ́jọ àárọ̀ lọ, ẹ máa bá a. Ẹ tètè dé kí màmá ráyè jókòó, ẹ má sì gbé báàgì ẹ̀yìn dání, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé.