Ẹ gbà mí o: òtẹ́ẹ̀lì wo ni ká dé sí l'Ékòó?

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, òtẹ́ẹ̀lì wo ló dáa tí èèyàn lè kó ìdílé dé sí l'Ékòó? Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá Ìbejì ní Lẹ́kí ló wu òun, torí àwọn ọmọ fẹ́ rí òkun. Mi ò kọ òkun, àmọ́ mi ò tíì gbàgbé ohun tójú wa rí lọ́dún tó kọjá. Òtẹ́ẹ̀lì tá a dé sí nígbà yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀dì funfun báláú, adágún tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ dà bí omi aró. Ìgbà tá a débẹ̀, ewé ló bo ojú omi, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú ẹ̀. Nígbà tó di aago méjìlá òru, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọkùnrin tó ń gba àlejò, ó ní, "Mọ́mì, dísù ti wọ́n." Ṣé èmi ni mo sọ dísù di ọ̀wọ́n ni? Páálí Indomie ni mo fi ń fẹ́ àwọn ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Títí dòní ni Kẹ́hìndé ń bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé òtẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀lọ́ la tún ń lọ?"

Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé l'Ájàá náà ò sì fẹnu kàn án pé ká wá dé sọ́dọ̀ òun. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó ń ṣègbéyàwó, ilé mi ni wọ́n ti se gbogbo oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ kú ìnira, Ìyá Ìbejì. Ẹ ò sọ ẹni mélòó, ẹ ò sọ ọjọ́ mélòó, ẹ ò sọ iye tó wà lọ́wọ́, ẹ ò sì sọ ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan la mọ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan án ṣe n'Íkẹjà tó wá lọ gba yàrá ní Lẹ́kí, inú ọkọ̀ ló máa sùn.

Àdùkẹ́ Aláṣọ:
Ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ gba ilé onílé tí wọ́n ń gbà fún ọjọ́ méjì mẹ́ta yẹn o. Èmi gbà á nígbà Kérésì. Mo sanwó tán, ẹni tó gbowó ò gbé fóònù mọ́. A dé ẹnu géètì, mẹ́gádì ní ọ̀gá òun ò sọ nǹkan kan fún òun. Aago mọ́kànlá alẹ́, èmi pẹ̀lú kúlà ìrẹsì lórí, ọkọ mi ń wò mí bíi pé èmi ni mo kọ́ ilé náà.

Tíṣà Àgbà:
Ohun tí ò yé mi ni pé kí èèyàn ní ẹbí l'Ékòó kó tún máa wá òtẹ́ẹ̀lì. Láyé tiwa, pálọ̀ ìbátan la ń tẹ́ ẹní sí. Ẹ̀yin ìyàwó ìwòyí ni ẹ kì í fẹ́ rí ará ilé ọkọ.

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:
Tíṣà, ẹ dákun, ẹ padà lọ ka ohun tí mo kọ nípa àbúrò ọkọ mi.

Ẹni mẹ́fà ni wá: èmi, Bàbá Ìbejì, Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, àti Màmá, ìyá ọkọ mi. Ọjọ́ Àìkú la máa dé, Ọjọ́rú la máa padà. Owó ò pọ̀, àmọ́ mi ò ní sùn síbi tí ọ̀pọ̀lọ́ wà.

Ìyàwó Lẹ́kí:
Ẹ máa bọ̀ ní Lẹ́kí jàre. Àwọn ọmọ á rí òkun, wọ́n á dé Lekki Conservation Centre, wọ́n á gun afárá orí igi tó gùn tó mítà 401. Ọ̀bọ á máa wò yín látòkè. Èmi dé àárín ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Jésù, ọmọ mi ọdún mẹ́jọ ló fà mí lọ́wọ́ kọjá.

Dẹ́rẹ́bà Òjòta:
Ìyàwó Lẹ́kí, ìyá àgbà ni ẹ fẹ́ gbé gun afárá tó ń mì?

Ìyá Ìbejì, àárọ̀ làwọn ará Mainland ń rọ́ lọ sí Island, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà. Afárá Third Mainland ò ju nǹkan bíi kìlómítà 11.8 lọ, àmọ́ mo ti lo wákàtí mẹ́ta lórí ẹ̀ rí, ẹni tí mo gbé jẹ gúgúrú tán, ó sùn, ó jí.

Ìyàwó Lẹ́kí:
Ẹ ti dáhùn ara yín nìyẹn. Tí wọ́n bá ń ti Lẹ́kí jáde láàárọ̀, wọ́n ń lòdì sí èrò ni. Ọ̀nà á dá.

Dẹ́rẹ́bà Òjòta:
Orí afárá ló máa dá. Ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ làwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Victoria Island ń gbà ni? Ogún ọdún ni mo ti ń wakọ̀, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ajíbọ́lá:
Mi ò ka gbogbo ẹ̀ o, àmọ́ Ìkẹjà ló dáa jù. Ó sún mọ́ pápákọ̀ òfuurufú.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ajíbọ́lá, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹsẹ̀ Màmá le dáadáa?

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:
Àtẹ̀gùn nìkan ni wọn ò lè gùn. Orúnkún ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n má purọ́. Orúnkún yẹn gan-an la ń bá lọ. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a gbọ́dọ̀ ti wà ní ọsibítù eegun n'Ígbóbì. Màmá ò mọ̀. Fàájì la ní à ń lọ ṣe. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú sí ọsibítù kan, tí Màmá bá ti gbóòórùn Izal báyìí, wọ́n á ní ká dá àwọn padà sílé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Háà! Látàárọ̀ la ti ń jà lórí òkun!

Ẹ gbàgbé Lẹ́kí. Òpópónà Ìkòròdú ni Ìgbóbì wà. Ẹ wá yàrá ní Yábàá, Fádéyì tàbí Onípàánù, kò gbọdọ̀ jìnnà ju Maryland lọ. Yàrá ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má gba fọ́tò gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò yàrá yẹn gan-an lónìí, kí wọ́n tan ẹ̀rọ omi nínú ẹ̀, kí wọ́n rìn láti géètì dé ẹnu ọ̀nà ká lè ka iye àtẹ̀gùn. Ẹ bi wọ́n ní aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀.

Torí Ọ̀yọ́ lẹ ti ń bọ̀, Mọ́níyà n'Íbàdàn wà lójú ọ̀nà yín. Ẹ wọ rélùwéè níbẹ̀, Alágómejì ni yóò já yín sí, ní Yábàá níbẹ̀.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ ń parọ́ fún ìyá tó bí ọkọ yín?

Àdùkẹ́ Aláṣọ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Irọ́ la fi gbé ìyá tèmi lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Lónìí, àwọn ló ń ka Bíbélì fún wa.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Ìyá Ìbejì, ṣé àyẹ̀wò ni àbí iṣẹ́ abẹ? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ, Ọjọ́rú tí ẹ dá yẹn ò ṣeé ṣe. Kò sì sí dókítà tó máa fọ̀bẹ kan ẹni tí orí ẹ̀ pé láìjẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún Màmá kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Tí wọ́n bá já a ní géètì ọsibítù, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:
Àyẹ̀wò àti X-ray ni, mà. Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Bàbá Ìbejì ti san ìdajì owó sí Lẹ́kí lánàá. Wọ́n ní àwọn kì í dá a padà. Àjà kejì ni, kò sì sí lift.

Dẹ́rẹ́bà Òjòta:
Kí la wá ń ṣe níbí láti àárọ̀?

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:
Ẹ má bínú. Táyé gbé fóònù mi, ló bá ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ fún Màmá ketekete. Mo ti inú ilé ìdáná sáré jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Màmá ní kí n bá àwọn kí Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn làwọn ti rí káàdì Ìgbóbì nínú báàgì mi, ẹni tó fẹ́ parọ́ fáwọn kò mọ nǹkan fi pa mọ́. Wọ́n ní àwọn á lọ. Orúnkún ò jẹ́ káwọn lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Yábàá làwọn fẹ́, kí n sì béèrè bóyá èèyàn lè rí àmàlà gidi jẹ nítòsí ibẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ sọ fún Màmá pé àmàlà pọ̀ ní Yábàá.

Ìyàwó Lẹ́kí:
Owó Lẹ́kí wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:
Ẹ bi Bàbá Ìbejì. Bí Táyé ṣe kàwé débi owó yẹn báyìí ni ó wọ bàtà, ó ní òun ń lọ wo bọ́ọ̀lù.