Kíṣíìnì àtijọ́ tí wọn ò jẹ́ kí n wó, kí ni mo lè ṣe sí i?

ÌyáDébọ̀_ÒkèÀdó:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé bàbá wa ní Òkè-Àdó ni èmi àtàwọn ọmọ mi ń gbé, wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó bí mi, kíṣíìnì ẹ̀ wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Sítóòfù ni màmá wa fi dáná níbẹ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ojú wíńdò ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta kẹrosíìnì fún àdúgbò, ká tó wá bọ́ sórí gáàsì. Ògiri tó yẹ kó funfun ti di àwọ̀ tíì, kọ́bọ́ọ̀dù fọ́míkà aláwọ̀ ewé ti ń ṣí létí, ìlẹ̀kùn méjì ò padé mọ́, àárín àwọn táìlì kéékèèké tó wà lẹ́yìn sínkì sì ti dúdú. Mo pe ẹnì kan wá wò ó, kò tíì wọlé tán tó ní ká wó gbogbo ẹ̀ dànù, iye tó pè, ẹ jẹ́ n fi mọ sínú. Owó yẹn ò sí, tó bá tiẹ̀ wà, ilé ẹbí ni, Bọ̀dá Àgbà ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi òòlù kan ògiri kankan níbẹ̀. Èmi kàn fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kójú má máa tì mí tí àlejò bá wọlé lọ bu omi. Pẹ́ńtì wo ni kí n rà, funfun àbí kíríìmù?

Àdùnní_Mọ́kọ́lá:
Ẹ má tíì ra pẹ́ńtì kankan jàre. Orí pẹ́ńtì lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ tèmi, funfun olómi ni mo kùn lé èéfín lórí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó dáa, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì àwọ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà bí ẹni pé ògiri ń làágùn. Pẹ́ńtì olómi ò lè dá èéfín dúró. Ẹ fọ̀ ọ́ ná: omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọṣọ, kànrìnkàn, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ sókè o, torí omi ìdọ̀tí tó bá ṣàn sórí ògiri gbígbẹ máa fi ìlà sílẹ̀ tí apá yín ò ní ká. Kó gbẹ dáadáa, ọ́ńdákóòtù olóróró, ìyẹn pẹ́ńtì ìsàlẹ̀, lẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ kùn, kí pẹ́ńtì sátíìnì tàbí gúlọ́ọ̀sì tó ń dán, tó ṣeé nù, tó tẹ̀ lé e.

Wíńdò yín ńkọ́? Tó bá ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ lọ fọwọ́ pa á wò. Nígbà tí mo tú tèmi, gbogbo ihò ẹ̀ ti dí, epo díndín àti eruku ti lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ mo ti fi ọdún mẹ́ta bú àwọn oníná pé iná wọn ń ṣe bàìbàì.

Káfíńtà_Ṣàngó:
Àǹtí, ẹni tó ní kẹ́ ẹ da kọ́bọ́ọ̀dù nù, ṣé ó tiẹ̀ ṣí i wò? Igi gidi ló pọ̀ nínú ti ayé ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà báyìí, ẹ̀rún igi tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ pọ̀ ni, kí sínkì jò sí i lára báyìí, á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ fi gún pákó abẹ́ sínkì, tí ò bá wọlé, ẹ má wulẹ̀ náwó. Ìlẹ̀kùn tí ò padé, ihò súkúrù híńjì ló ti fẹ̀, ẹ fi gúlù pa igi ìṣáná, ẹ kì í bọnú ihò, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ dá súkúrù padà. Fọ́míkà tó ṣí, gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò ni kẹ́ ẹ fi pa ojú méjèèjì, ẹ dúró tí ò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni o, kò ṣeé sún lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí wíńdò, gọ́ọ̀mù yẹn ń tètè gbaná gan-an.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra hándù tuntun tẹ́ ẹ máa fi ṣí ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi rúlà wọn àárín ihò méjèèjì kẹ́ ẹ tó jáde nílé. 96 mm àti 128 mm ló pọ̀ lọ́jà.

ỌmọAgodi:
Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ ń fiṣẹ́ pa ara yín o. Sítíkà mábù ló wà ńta báyìí, ẹ bó ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́, láàárín wákàtí kan kíṣíìnì ti di Dubai.

Àdùnní_Mọ́kọ́lá:
Dubai kẹ̀! Lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn gáàsì, kí o dín dòdò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, wá wò ó bó ṣe máa ká jọ, aáyán á sì ti kọ́lé sẹ́yìn ẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló dáa fún.

Bíríkìlà_Bódìjà:
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sílíìnì. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun kan bí fọ́nrán òwú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, wà nínú sílíìnì ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Tí ò bá tíì fọ́, ẹ má ha á, ẹ má lu ú, ẹ má fi sáńpépà kàn án, eruku ẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè tó ogún ọdún kí àìsàn ẹ̀ tó jáde. Àkísà tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ wá kùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńtì olóróró àtijọ́ náà, ó lè ní òjé tó jẹ́ májèlé nínú, ẹ fi omi sí sáńpépà, kí àwọn ọmọdé má sí nítòsí. Ti táìlì ò le, ẹ ha àárín ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sìmẹ́ńtì funfun dí i. Ìyẹn kì í ṣe òòlù, Bọ̀dá Àgbà ò lè bínú.

ÌyáDébọ̀_ÒkèÀdó:
Ẹ ṣeun púpọ̀ o. Mo tú nẹ́ẹ̀tì yẹn láàárọ̀ Sátidé. Débọ̀ wọlé, ó ní, "Màmi, ìgbà wo ni wọ́n múná dé?" Iná ò sí látàná o!

Káfíńtà, ọ̀bẹ ò wọlé rárá. Ẹ máa bọ̀ wá bá wa ṣe híńjì. Àmọ́ nígbà tí mò ń nu inú ìlẹ̀kùn kejì, mo bá ohun tí màmá wa fọwọ́ kọ sára pákó ẹ̀, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó kẹrosíìnì. Ẹni kẹta láti òkè, Bọ̀dá Àgbà ni. Ìgò mẹ́rin, wọn ò tíì fagi lé e. Ìta ìlẹ̀kùn yẹn nìkan la máa kùn o.