Báwo la ṣe ń forúkọ ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀ lábẹ́ òfin? (Àkúrẹ́)

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ wa ń sanwó ilé-ìwé fún àwọn ọmọ òrukàn ní Àkúrẹ́ níbí. Ìwé-ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Báńkì ní kò tó láti fi ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnìkan fẹ́ ta wá lọ́rẹ ilẹ̀. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Lọ́yà Alágbàká
Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ kàn fi hàn pé wọ́n mọ̀ yín ni. Kò sọ ẹgbẹ́ di ẹni tó lè ni ilẹ̀ tàbí tó lè pe ẹjọ́. Ọwọ́ CAC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) nìyẹn wà, lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti 2020, ìyẹn òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ ṣe "limited by guarantee" (irú ilé-iṣẹ́ tí kì í pín èrè), ẹ má dá a lóhùn. Ìyẹn ń gba àṣẹ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀. "Incorporated Trustees" ni tiyín, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ní àwọn trustee, àwọn tó ń bójú tó ohun ìní rẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò lórí ìkànnì CAC. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ dè yín, nítorí náà ẹ ti ṣe ìpàdé kí ẹ tó fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi "National" nínú orúkọ máa ń fa wàhálà.

Ìwé ìpàdé yẹn gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ padà. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ àwọn tó wá àti bí wọ́n ṣe dìbò, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i. Ìpinnu méjì ló gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀: ẹ yan àwọn trustee, ẹ sì gba gbólóhùn pàtàkì tí CAC ní kó wà nínú òfin ẹgbẹ́. Gbólóhùn náà sọ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìkan lowó wà fún, ọmọ ẹgbẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ pín èrè. Ẹ dà á kọ bó ṣe wà, ẹ má tún un ṣe.

Nínú òfin ẹgbẹ́, ẹ sọ iye ọdún tí trustee máa lò, bí a ṣe ń yọ ọ́, ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde, àti ẹni tó máa yẹ ìwé owó wò.

Ará Oǹdó
Mo fi ti ìwé ìròyìn kún un. Méjì ni, kí wọ́n jẹ́ èyí tó ń jáde lójoojúmọ́ tó sì ń dé agbègbè yín, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, bíi Tribune. (Aláròyé ò lè ṣe é, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde.) Ìkéde náà á ní orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ gbogbo trustee àti ohun tí ẹgbẹ́ wà fún, á sì fún ẹni tó bá lòdì sí i ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé sí CAC. Bí lẹ́tà kan nínú orúkọ trustee bá yàtọ̀ sí ti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) rẹ̀, ẹ máa sanwó ìkéde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Odindi ojú ewé tí déètì hàn lórí rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú, ẹ má gé e.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Alága wa fẹ́ kí kábíyèsí wà lára àwọn trustee ńkọ́?

Lọ́yà Alágbàká
Ẹ fi kábíyèsí ṣe bàbá ìsàlẹ̀. Trustee kọ̀ọ̀kan ló máa lọ búra ní kóòtù gíga, tó máa mú fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ wá. Bí ọ̀kan bá kú, ìkéde tuntun ni láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó wà nítòsí, tí ara rẹ̀ le. Ọmọdé ò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ní ti ilẹ̀, ẹ ní kí olóore náà ní sùúrù títí ìwé-ẹ̀rí á fi jáde. "Incorporated Trustees of..." ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ilẹ̀. Bí ẹ bá kọ orúkọ alága síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lè bá yín du ilẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú.

Ará Oǹdó
Báńkì á tún béèrè TIN (nọ́ńbà owó orí) àti ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífi owó ìwà ọ̀daràn pamọ́ lábẹ́ EFCC. Ọ̀fẹ́ ni SCUML o, ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó rẹ̀ ń tàn yín ni. Lẹ́yìn náà, láàárín 30 Okúdù sí 31 Ọ̀pẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ máa fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí CAC. Ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀ gan-an ò sí níbẹ̀.