"Ìwé àjákù" kọ́ o: lórí scrapbook, mixed media àti summer

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ lánàá, pé ní Yorùbá, kí scrapbook (ìwé tí a ń lẹ̀ fọ́tò àti ohun ìrántí mọ́) máa jẹ́ "ìwé àjákù", kí mixed media (ọnà tí a fi oríṣiríṣi èlò ṣe) jẹ́ "ọnà àmúlùmálà", kí summer sì jẹ́ "ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn". Àbá náà bá mi nídìí irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an, fọ́tò ìsinmi mi ló wà láàárín rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe ni màá fi dá ẹ̀gbọ́n lóhùn.

Ohun tó já, tó ṣẹ́kù, tí kò wúlò mọ́, la ń pè ní àjákù. Kò sí àjákù kankan lórí tábìlì mi. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, òdòdó tí mo tẹ̀ sáàárín ìwé títí ó fi gbẹ, ìrépé aṣọ, àti iyanrìn díẹ̀ láti etí òkun. Mo ṣà wọ́n ni. Orúkọ a sì máa darí ọwọ́: ẹni tó bá gbọ́ àjákù á fa ìwé ìròyìn ya, á lò ó, bẹ́ẹ̀ lignin, èròjà igi tó wà nínú irú pépà bẹ́ẹ̀, á mú un pọ́n rúsúrúsú láìpẹ́.

Lílẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. Inú coller, tí í ṣe "lẹ̀", làwọn Faransé ti rí collage, ọnà tí àwọn ayàwòrán Picasso àti Braque gbé dìde ní 1912. Ní 1873 tí òǹkọ̀wé Mark Twain gba ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ (patent) lórí scrapbook, gọ́ọ̀mù ló jẹ ẹ́ lógún: ó ti wà lójú ìwé náà tẹ́lẹ̀, kéèyàn kàn fi omi rẹ̀ ẹ́ ni. Ìwé àlẹ̀mọ́ ni mo fara mọ́.

Àmúlùmálà ńkọ́? Ẹni tó ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá la fi ń bá wí. Iṣẹ́ yìí sì ní ètò: ẹ óò kọ́kọ́ fi gesso, ọ̀dà ìpìlẹ̀ funfun, kun pépà kó má baà mu ọ̀dà ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ óò jẹ́ kó gbẹ, ẹ óò to gbogbo nǹkan láìtíì fi gọ́ọ̀mù kàn wọ́n, ẹ óò wò ó dáadáa, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. "Àlòpọ̀" tí ẹnìkan dá lábàá sún mọ́ ìbálòpọ̀ jù, a ò lè fi kọ́ ọmọdé. Ọnà onírúurú èlò tó mi.

Ti summer ló ká mi lára jù. Òdìkejì òjò ni ẹ̀ẹ̀rùn: ilẹ̀ gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́. Summer kò bá òjò ṣọ̀tá. Ní Japan, òjò a máa rọ̀ gan-an nínú oṣù kẹfà àti ìkeje. Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí Jẹ́nẹ́sísì 8:22, níbi tí "ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn on òjò" ti dúró fún summer àti winter. Òótọ́ ni, àwọn atúmọ̀ wá ìgbà méjì tí òǹkàwé wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kan náà sọ "òtútù àti oru", oru yìí la sì ń kọ ní ooru báyìí. Ìgbà ooru, nígbà náà. Ẹ kàn ṣọ́ àmì ohùn: ẹni tó bá kọ "ìgbà òru" ti gbé wa lọ sí ọ̀gànjọ́.

Mo ti kọ ÌGBÀ OORU gàdàgbà sókè ojú-ìwé mi. Ọ̀kan ló kù tó ń dà mí láàmú: ọ̀dà tí a gbọ̀n láti orí búrọ́ọ̀ṣì kó lè ta sí pépà ní tótòtó. "Àtasí" ni mò ń pè é kó lè bá àlẹ̀mọ́ dọ́gba. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, kó fi ránṣẹ́ kí n tó kọ orúkọ àwọn èlò sẹ́yìn ojú-ìwé mi.