Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fún yín ṣe ní oko kòkó nígbà tí ẹ wà ní kékeré?

Ọmọ Ẹ̀yìn Àpáta béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àwọn ọmọ mi, tí kòkó inú agolo nìkan ni wọ́n mọ̀, ní kí n kọ ìtàn oko wa sílẹ̀ fún àwọn, mo sì ti kọ ọ́ dé ìdajì kí ohun kan tó dàrú mọ́ mi lójú.

Oko náà kò tóbi. Kò lè ju éékà mẹ́rin lọ, ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè Ìdànrè, níbi tí oòrùn kì í ti í tètè yọ nítorí àpáta tí ó dí i. Bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi ni a jọ ń ṣe é, àfi tí ó bá di nǹkan bí oṣù kẹwàá tí kòkó pọ́n tán, tí bàbá mi yóò bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará abà. Bàbá ni ó ń fi gọ̀ǹgọ̀ já èyí tí ó wà lókè igi, àwa ọmọdé a sì máa ṣà á jọ sí ojú kan, lẹ́yìn tí a bá ti fi ọ̀pá tú ewé gbígbẹ wò nítorí ejò. Kùmọ̀ ni bàbá fi ń fọ́ ọ. Kì í lo àdá, nítorí pé àdá a máa gé hóró inú rẹ̀, hóró tí àdá bá sì ti gé kì í pẹ́ tí yóò fi bu. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ kó hóró náà sínú apẹ̀rẹ̀. Omi funfun ara rẹ̀ dùn, ó sì kan díẹ̀. Wọ́n gbà wá láyè láti máa lá a, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tu hóró padà, nítorí ìyá mi a máa sọ pé ẹni tí ó bá gbé hóró kòkó mì, owó ilé-ìwé rẹ̀ ni ó gbé mì.

Ibi tí mo há sí ni bíbo kòkó. Mo rántí pé ọjọ́ mẹ́fà ni ó máa ń lò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi takú pé ọjọ́ mẹ́rin ni, pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Báwo ni tiyín ṣe rí, iṣẹ́ wo gan-an ni ó sì já lé ẹ̀yin ọmọdé léjìká?

Ìyá Ifẹ̀tẹ̀dó fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni tiwa. Ìyá mi a tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, a da kòkó tútù lé e, a fi ewé mìíràn bò ó, a sì gbé igi lé e kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ karùn-ún ni ó máa ń yí i padà kí ti inú lè bọ́ sí òde. Ó mú mi lọ́wọ́ nígbà kan, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀: ó gbóná bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹmu àná.

Ṣùgbọ́n ti àwa ọmọdé gan-an ni ṣíṣọ́ kòkó tí a sá. A ó máa fi ẹsẹ̀ wọ́ àárín rẹ̀ lọ, wọ́ ọ bọ̀, lórí ẹní, kí ó lè gbẹ dọ́gba, a ó máa lé ewúrẹ́, a ó sì máa wo ojú ọ̀run. Bàbá mi a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a fún un pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá ń ró pẹpẹ, ó ti gbẹ nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí èmi àti àbúrò mi ń ta òkòtó lẹ́yìn ahéré, tí òjò sì dé láti ìhà tí a kọ ẹ̀yìn sí. Kí a tó ká ẹní mẹ́ta, mẹ́ta yòókù ti rin gbingbin. Kòkó tí ó ku ọjọ́ kan kí ó gbẹ hu èbu funfun. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rà á, ó fi ọ̀bẹ la hóró bíi mélòó kan, ó tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dárúkọ iye tí kò tó ìdajì. Bàbá mi gbà á. Kò nà mí, kò tilẹ̀ bá mi wí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kí ó tó jáde lọ sí oko, yóò pè mí síta, yóò ní, “Àdùkẹ́, òjò yóò rọ̀ lónìí àbí kò ní í rọ̀?” Ohun tí mo bá sọ ni yóò sì tẹ̀lé.

Àgbà Kòkó fèsì pé:

Ẹ̀yin méjèèjì jàre. Hóró kòkó tí a kò bò pẹ́ tó kì í ní òórùn ṣokoléètì. Ooru abẹ́ ewé ni ó ń pa ọmọ inú hóró náà, tí ó sì ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí ràkọ̀ràkọ̀. Ọjọ́ márùn-ún sí ọjọ́ mẹ́fà ni ó yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ẹni tí ó béèrè: ní ọdún wo ni ẹ kúrò ní oko, ta sì ni ó dúró? Nígbà tí àjọ ìjọba tí ń bójú tó títà kòkó ṣì wà, àwọn ayẹkòkówò máa ń la hóró wò kí wọ́n tó fi àpò sí ipò kìn-ín-ní tàbí ìkejì, ẹni tí kò bo kòkó rẹ̀ dáadáa mọ̀ pé òun yóò jìyà. Wọ́n tú àjọ náà ká ní ọdún 1986. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ń ra kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó wá bá àgbẹ̀ ní abà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń san iye kan náà fún èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára. Ta ni yóò wá dúró de ọjọ́ kẹfà?

Ọmọ Ilé-Olújì fèsì pé:

Ẹ má bínú, èmi kò rántí adùn kankan níbẹ̀. Kòkó tútù ni mo máa ń rù láti oko dé abà, omi rẹ̀ a máa ṣàn wọ ojú mi, eṣinṣin a tẹ̀ lé mi dé ilé, aṣọ ilé-ìwé kan ṣoṣo tí mo ní a sì le gbagidi bí ẹni fi ògì sí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn ni ọjọ́ tí ìyá mi bá ń sun èèpo kòkó tí ó ti gbẹ, kí ó lè rí eérú fi ṣe ọṣẹ dúdú, nítorí a máa ń sun iṣu sínú iná náà.

Ọmọ Ẹ̀yìn Àpáta fèsì pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ní ọdún 1984 ni wọ́n mú mi lọ sí Àkúrẹ́ láti lọ kàwé, ẹ̀gbọ́n mi ni ó sì dúró ti bàbá. Mo pè é ní alẹ́ àná, mo ka èsì Àgbà Kòkó sí i létí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní lóòótọ́ ni, ọjọ́ mẹ́fà ni bàbá ń bò ó, òun ni òun sọ ọ́ di mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bàbá kò gbé e dé oko mọ́, àti pé títí bàbá fi kú ni ó ń béèrè lọ́wọ́ òun ní àràárọ̀ pé, “Ọjọ́ kelòó nìyí?”